Àwọn alábòójútó mi méjì ò fẹnu kò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, ẹja yíyan ọjà Olúwo ni mo sì fi ń ṣe PhD. Alábòójútó méjì ni wọ́n yàn fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ àgbà ní kí n fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá ẹlẹ́ja lẹ́nu wò. Dókítà kejì ní ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, àfi kí n gbé ẹja lọ sí láàbù, kí n wo ìwọ̀n benzo[a]pyrene, ìyẹn kẹ́míkà kan tó lè fa jẹjẹrẹ, tí èéfín ń fi sára rẹ̀. (Yúróòpù ò gbà kó ju maikrogíráàmù 2 lọ nínú kílò ẹja yíyan kan.) Báírò pupa ni kálukú fi ń fagi lé ohun tí ẹnì kejì ní kí n kọ.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni lójú tèmi. Ìyá kan ṣáà fi hàn mí bí ọ̀rá ẹja ṣe ń kán sínú ẹyin iná, tí èéfín dúdú á sì yọ lù ú. Ibẹ̀ wà lára ibi tí kẹ́míkà yẹn ti ń wá. Láàbù ò lè sọ ìdí tí màmá ò fi gbé àtẹ tó ń yan ẹja lé sókè sí i.

Ṣé kí n bẹ àwọn méjèèjì pé ká jọ jókòó, kí n sì kọ àdéhùn wa ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn náà? Àbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó àwa akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní ẹ̀ka ni kí n kọ́kọ́ lọ? Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláfojúdi o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?