Kí ni ẹ máa ń wò lójú òkun ilẹ̀ olóoru kí ìjì tó dé?

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin atukọ̀, ẹ̀yin apẹja, ẹ kú iṣẹ́ omi. Ẹyọ ìbéèrè kan ni mo ní. Lórí òkun tó wà nítòsí agbedeméjì ayé, kí ló máa ń fi hàn yín pé ọjọ́ fẹ́ bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "ojú ọ̀run ṣú" nìkan. Ẹ mú ìwọ̀n wá, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ẹrù

Bàrómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, torí òun ni àwọn èèyàn ń ṣì kà jù. Ní ilẹ̀ olóoru, ìwúwo afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gòkè lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń sọ̀kalẹ̀. Ó máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́wàá alẹ́. Ó máa ń lọ sílẹ̀ jù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ lè tó 3 hPa (hPa ni a fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́). Ẹni tó wò ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó tún wò ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó rí i pé ó ti fi 3 hPa wálẹ̀, kò tíì rí ìjì kankan. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ náà nìyẹn.

Aago mẹ́wàá òní ni kí ẹ fi wé aago mẹ́wàá àná. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí ẹ sì mọ iye tó yẹ kó wà lágbègbè yẹn nínú oṣù yẹn. Ìwé ìtọ́sọ́nà atukọ̀ ní i. Bí ó bá fi 3 hPa dín sí iye tó yẹ ní irú wákàtí yẹn, ẹ fura. Bí ó bá fi 5 hPa dín, ìjì ńlá tó ń yí po ti wà nítòsí, ó sì lè má jìnnà ju 200 máìlì òkun lọ. Ẹ tún ṣọ́ èyí: bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá dé tí ìwúwo náà kò gòkè láti ìdájí bó ṣe máa ń ṣe, ìkìlọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jábọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọn kì í ka gíga yàrá ìtukọ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo mítà 8 tàbí díẹ̀ lé tí bàrómítà bá fi ga ju omi lọ, ó ń dín ní 1 hPa. Ẹni tó wà ní mítà 25 tí kò fi 3 hPa kún un á máa sá fún ìjì tí kò sí.

Ẹni tó ń wo ìgbì

Ọ̀gá mi, ẹ ṣé. Ìgbì náà ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yára débẹ̀ ju bàrómítà lọ. Oríṣi méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: ìgbì tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gbé dìde, tó kúrú tó sì ń fọ́ funfun, àti ìgbì tó ti òkèèrè wá, tó gùn, tí orí rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ fi aago ka orí ìgbì 11 tó kọjá lára ohun kan tó léfòó, kí ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá náà sí 10. Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rọ̀, ìjì kan wà níbòmíràn.

Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ẹ ó rí iye nọ́ọ̀tì (máìlì òkun ní wákàtí kan) tí agbára ìgbì náà fi ń rìn. Ti ìṣẹ́jú àáyá 14 ń rin nọ́ọ̀tì 21, ìyẹn nǹkan bí 500 máìlì òkun lọ́jọ́ kan. Èyí tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ dé. Bí ó bá ń ga sí i tí ìhà tó ti ń wá kò yí padà, ìjì náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tààrà. Bí ìhà náà bá ń yí, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Fún ẹni tó fẹ́ wọ èbúté, abẹ́ ọkọ̀ ni ewu wà, kì í ṣe ojú omi nìkan. Ìgbì ìṣẹ́jú àáyá 14 gùn tó mítà 300, nítorí náà á ti máa fara kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi láti ibi tó jìn ní mítà 150. Mítà 1 péré ló lè ga lókè òkun, kó sì ga jù bẹ́ẹ̀ dáadáa kó tó fọ́ lórí iyanrìn. Ẹ rántí pé ọkọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 30, bí ó bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígíríì 5 péré, etí rẹ̀ kan á fi mítà 1.3 jìn sí i. Ẹ yọ ìyẹn, kí ẹ tún yọ ìdajì gíga ìgbì, kí ẹ tó sọ pé omi tó.

Apẹja

Ẹ̀fúùfù òjijì ló ń ṣe àwa tí ọkọ̀ wa kéré ní ibi. Òjò ń bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ tó gbẹ díẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tàn ká ojú omi. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi máa ń dé kí òjò tó dé. Àmì rẹ̀ ni àwọsánmà dúdú tó tẹ̀ bí ọrun, ìlà funfun lórí omi lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kú pátápátá, lẹ́yìn náà òtútù lójijì. Afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 10 lè di 40 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ má rò pé ìhà tí afẹ́fẹ́ ojú omi ti ń fẹ́ ni yóò ti wá. Afẹ́fẹ́ òkè ló ń darí rẹ̀, ó sì lè kojú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ wá. Mànàmáná àti àrá ni kí ẹ fi wọn jíjìn rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ kìlómítà 1. Bí iye náà bá ń dín, àwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọlé, torí àwọ̀n tó bá wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn ló ń pa ọkọ̀. Ẹ di ẹnu ihò ìkẹ́rùsí, ẹ ṣí ihò tí omi ń gbà jáde lórí ọkọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí i, ẹ sì dín eré kù débi tí ìtọ́kọ̀ ṣì ń gbọ́.

Atukọ̀ ìgbòkun

Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ òru ńkọ́? Lójú agbami, ọ̀gànjọ́ sí ìdájí ni irú rẹ̀ wọ́pọ̀ jù.

Apẹja

Ẹ máa wo ìràwọ̀ ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń kú ni ó wà. Bí ẹ bá ní rédà, ẹ sàmì sí etí òjò náà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 6, ẹ tún sàmì. Iye máìlì tó fi sún mọ́ yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, iye nọ́ọ̀tì tó fi ń bọ̀ nìyẹn. Rédà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3 ń rí òjò dáadáa, ṣùgbọ́n òjò kan náà lè bo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ẹrù

Ní ti ìjì ńlá, ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́. Ní ìdajì ayé àríwá, ojú ìjì wà lápá ọ̀tún yín, ní nǹkan bí dígíríì 100 sí 125. Ní gúúsù, apá òsì ni. Kí ẹ tó pinnu bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí, ẹ dá ọkọ̀ dúró, torí ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń tan ojú. Ní àríwá, bí afẹ́fẹ́ bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, apá tó burú jù lẹ wà: ẹ fi afẹ́fẹ́ sí iwájú ọkọ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ máa sá. Bí ó bá ń yí òdì sí ọwọ́ aago, tàbí tí kò yí rárá tí bàrómítà sì ń jábọ́, ẹ fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Ní gúúsù, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà: yíyí òdì sí ọwọ́ aago ló burú níbẹ̀, apá òsì ọkọ̀ lẹ ó sì lò.

Bí ẹ bá ń ya ọ̀nà ìjì sórí máàpù, ẹ mú ibi tí afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 34 rẹ̀ dé, kí ẹ fi 100 máìlì òkun kún un fún wákàtí 24, 200 fún 48, 300 fún 72. Má wọ inú rẹ̀.

Atukọ̀ ìgbòkun

Àwọn kan sọ pé irú ìjì ńlá yìí kò lè sí níbi tó sún mọ́ agbedeméjì ayé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́

Ó ṣọ̀wọ́n láàárín dígíríì 5, torí yíyí ayé kò lágbára tó níbẹ̀ láti mú afẹ́fẹ́ yí po, bí omi tilẹ̀ gbóná ju 26.5°C lọ. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kejìlá 2001, ìjì kan tí wọ́n pè ní Vamei ṣẹ̀ nítòsí Singapore ní nǹkan bí dígíríì 1.4 àríwá.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ ń wò lórí fóònù: àwòṣe (ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń pín ojú ayé sí ihò ihò bí àwọ̀n) tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ dígíríì 0.25 ń fo nǹkan bí máìlì òkun 15 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀fúùfù òjijì tí apẹja sọ lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara hàn. Gíga ìgbì tí wọ́n sì ń kọ síbẹ̀, ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù ni. Bí ẹ bá ka mítà 2, ẹ retí ọ̀kan tó lè tó 4. Bí NAVTEX yín (ẹ̀rọ tó ń gba ìkìlọ̀ ojú omi tó sì ń kọ ọ́ jáde) lórí 518 kHz bá ń fi lẹ́tà sílẹ̀ nítorí ariwo mànàmáná, ẹ wò ó bóyá ibùdó agbègbè yín ń lo 4209.5 kHz. Torí ariwo ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀.