Ara ọmọ ti tutù lọ́jọ́ kejì: ṣé kí n dá oògùn ibà dúró?

Ìyá Dàmọ́lá, Kubwa
Ẹ kú àárọ̀ o. Ibà kọlu ọmọ mi ní Sátidé, ọmọ ọdún 5 ni, kìlógíráàmù 17. Wọ́n gún un níka, wọ́n rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún wa ní artemether-lumefantrine, hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ 3. Ó ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Àtàná ni ara rẹ̀ ti tutù, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kiri inú ọgbà. Hóró 4 ló kù, mo sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de àbúrò rẹ̀, torí oògùn ti wọ́n. Ṣé ó burú?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ìyá Dàmọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hóró tó kù pamọ́. Oògùn méjì ló wà nínú hóró yẹn. Artemether ló ń sáré pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò ibà, òun ló jẹ́ kí ara tètè tutù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló máa ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan, tí á máa ṣa àwọn tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá dá a dúró, díẹ̀ tó kù lè tún máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ara òun náà ń jà. Ooru yẹn gan-an, ara ló dá a sílẹ̀ láti fi bá kòkòrò jà. Ṣùgbọ́n ara ọmọdé kò tíì mọ ọgbọ́n ibà bíi ti àgbà tó ti ń bá a jà tipẹ́.

Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, àkàrà tàbí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Láìsí ọ̀rá, lumefantrine kì í wọ ara dáadáa. Tó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un. Ti àbúrò, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí ara rẹ̀ bá gbóná. Hóró 4 kò tiẹ̀ lè tó o.

Bàbá Sabon Gari, Kano
Ìyá wa, ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ikọ́ ife ló ṣe mí. Oṣù 6 ni wọ́n ní kí n lo oògùn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún mi. Oògùn yẹn sọ ìtọ̀ mi di pupa bíi zobo tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ti sanra, ikọ́ ti lọ, ni mo bá jáwọ́. Ó padà wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àwọn kòkòrò kan máa ń sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn kì í sì tètè pa èyí tó ń sùn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí títí dòní, torí inú yàrá kan náà ni èmi àtàwọn ọmọ mi ń sùn nígbà yẹn.

Ìyá Dàmọ́lá, Kubwa
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹbí. Bàbá, Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ yín. Mo ti fún un ní ìkarùn-ún báyìí, àkàrà 3 ló fi jẹ ẹ́. Alẹ́ òní ni ìkẹfà.