CGPA 2.32 ní 100 level: ṣé ó ṣì ṣeé gbé dé 3.50?

ỌmọÌjẹ̀búIgbó
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Economics ni mò ń kà níhìn-ín ní ìhà Ìjẹ̀bú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 200 level (ọdún kejì) ni. Yúnìtì (ìwọ̀n tí kọ́ọ̀sì ní) 44 ni mo ṣe lọ́dún tó kọjá: mo gba D nínú yúnìtì 30, mo gba C nínú 14. Kò sí carry over (kọ́ọ̀sì tí mo fìdí rẹmi, tí mo máa tún ṣe). Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ọwọ́ mi ṣì lè tó second class upper, ìyẹn CGPA (ìpíndọ́gba gbogbo máàkì mi) 3.50? Ẹ̀ẹ̀kejì, mò ń kàwé gan-an o, TDB (kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́) lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sí họ́ọ̀lù báyìí, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n kọ "no citation" (kò sí ìtọ́kasí) sára term paper mi, bẹ́ẹ̀ mo to orúkọ ìwé mẹ́fà sí ìparí rẹ̀. Fóònù nìkan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

OníṣiròÌjagun
Àbúrò, ká ṣírò ná, kí ẹ̀rù tó bà ọ́. Lórí òṣùwọ̀n 5, A (70 sókè) jẹ́ 5, B (60–69) jẹ́ 4, C (50–59) jẹ́ 3, D (45–49) jẹ́ 2, E (40–44) jẹ́ 1. Yúnìtì 30 lọ́nà 2 jẹ́ 60. 14 lọ́nà 3 jẹ́ 42. Àpapọ̀ 102, pín in sí 44, ó di 2.32.

Ká ní yúnìtì 44 náà ni wàá máa ṣe lọ́dọọdún títí dé 400 level. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 176. Kó tó di 3.50, o nílò 616. O ti ní 102, ó ku 514 tí wàá rí nínú yúnìtì 132. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi 3.90 ni ìpíndọ́gba tí wàá máa gbà láti ìsinsìnyí lọ. Bí o bá gba B nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, wàá parí sí 3.58. Kò sí A kankan nínú ìṣirò yẹn o. Àyè tí C ní kò ju yúnìtì 14 lọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, A ló máa dí i. Fi iye yúnìtì tó wà nínú ìwé ẹ̀ka tìrẹ dípò 44, kí o tún un ṣe.

Ibi tí B ti ń wá gan-an ni test àti assignment. Níbi tí wọ́n bá ti pín máàkì sí 30 fún ìwọ̀nyí àti 70 fún ìdánwò, ẹni tó ní 24 nínú 30 ń wá 36 péré nínú ìdánwò kó tó dé 60. Ẹni tó ní 14 ń wá 46. Ọ̀tọ̀ ni ká wá ìdajì 70, ọ̀tọ̀ ni ká wá ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Má sì fojú di GST (kọ́ọ̀sì gbogbogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe). GST 111 yẹn, yúnìtì 2 ni, ó sì ń wọ CGPA bíi ti Economics.

Alákọ̀wéÌlíṣàn
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn yé mi, àmọ́ ìbéèrè kejì ni kókó. Àìkàwé kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú, àkàtúnkà ni. Bí ojú bá ti rí ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọkàn á máa sọ pé "mo mọ èyí." Ojú ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò lè kọ ọ́. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ka iṣẹ́ náà ní àkàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé, tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí, ló borí. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ni àǹfààní tí TDB ń fún ọ.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Fa ìlà kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lójú ìwé rẹ, kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí etí òsì. Fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ nísàlẹ̀. Walter Pauk ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló mú ọgbọ́n yìí gbajúmọ̀. Apá ọ̀tún ni wàá kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sí, má kọ gbogbo gbólóhùn, kọ kókó àti àpẹẹrẹ. Fi apá òsì sílẹ̀ lófìfo nínú kíláàsì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí o tó sùn, sọ nóòtù náà di ìbéèrè ní apá òsì. Ìsàlẹ̀ wà fún gbólóhùn méjì tó kó gbogbo rẹ̀ já. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á kọ "elasticity" (bí iye tí wọ́n ń rà ṣe ń yí padà tó bí owó ọjà bá yí) sí apá òsì. Àkọlé nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè. Kọ ọ́ báyìí:

"Kóńgò gàrí lọ láti ₦1,000 sí ₦1,200. Iye tí wọ́n ń rà wá sílẹ̀ láti kóńgò 50 sí 45. Kí ni elasticity rẹ̀, kí ló sì sọ nípa gàrí?"

Bo apá ọ̀tún mọ́lẹ̀, ṣe é. Iye tí wọ́n rà fi 10% dín, owó fi 20% lé, 10 pín sí 20 jẹ́ 0.5. Kò tó 1, ó jẹ́ inelastic: ẹni tó ń mu gàrí Ìjẹ̀bú kò ní torí ₦200 pa á tì. (Bí olùkọ́ yín bá ń lo midpoint, tó ń pín ìyípadà sí àárín iye àtijọ́ àti tuntun, 0.58 ló máa jẹ́. Béèrè èyí tó fẹ́, torí máàkì wà lórí ẹ̀.) Bí o bá lè ṣe èyí láìyọjú wo ìdáhùn, o ti mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá lè ṣe é, o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó yẹ kí o kà ni.

Àtúnyẹ̀wò kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Alẹ́ ọjọ́ kíláàsì, lẹ́yìn náà ọjọ́ ọjà ọlọ́rọọrún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìṣẹ́jú 15 fún kọ́ọ̀sì kan ti tó lẹ́ẹ̀kan.

ỌmọSágámù
Ẹ̀gbọ́n Alákọ̀wé, ẹ má bínú, TDB kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Níbi tí iná kì í ti í dé àfi láàjìn, ìgbà wo lẹ fẹ́ kó kàwé? Tutorial àwa ọmọ kíláàsì sì ń ṣiṣẹ́ ju ká dá jókòó lọ.

Alákọ̀wéÌlíṣàn
Iná ni mo gbà, oorun ni n kò gbà. Inú oorun ni ohun tí èèyàn kà ti ń fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá jí ní aago 3 òru lẹ́yìn tó ti sun wákàtí 5 kò jọ ẹni tí kò fojú ba oorun rárá. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí a pa dé kò nílò iná: ìbéèrè mẹ́wàá lórí bébà, èèyàn lè dáhùn wọn nínú ọkọ̀ Àgọ́-Ìwòyè.

Tutorial dára bí èèyàn mẹ́rin bá wà níbẹ̀, tí kálukú sì múra orí kan wá láti fi kọ́ àwọn yòókù. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣàlàyé tí mẹ́sàn-án ń mi orí, ẹnì kan ṣoṣo yẹn ló kàwé.

ÌyáLáíbúrárì
Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n mú ti term paper. Títo orúkọ ìwé sí ìparí kò tó. Gbólóhùn tí o ti mú èrò ẹlòmíràn gan-an ni ìtọ́kasí ti gbọ́dọ̀ wà. Nínú APA, ìlànà ìtọ́kasí kan tó ti dé ẹ̀dà keje, orúkọ bàbá, ọdún, àti ojú ìwé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lo kọ bó ṣe wà. Bí òǹkọ̀wé bá tó mẹ́ta, kọ ti àkọ́kọ́, fi "et al." sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá tó 40 tí o ṣe àdàkọ rẹ̀ máa ń dá dúró, kò ní àmì àyọlò, ó sì ń wọnú díẹ̀ láti etí òsì. Gbogbo orúkọ tó wà nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìparí, èyí tó wà ní ìparí náà gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́. Òun ni olùmáàkì ń kọ́kọ́ wò, torí kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Bí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ọ́: ka ìpínrọ̀ náà, dojú fóònù dé, kọ ohun tó yé ọ, lẹ́yìn náà ṣí i kí o fi wọ́n wéra. Àwọn tó ń kọ ọ́ nígbà tí ìwé ṣì wà lójú wọn, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀, gbólóhùn ẹni ẹlẹ́ni ló kù síbẹ̀.

Fóònù tó. ZoteroBib ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀: lẹ DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ article) tàbí ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) mọ́ ọn, mú APA, á tò ó fún ọ. Ṣùgbọ́n yẹ orúkọ wò. Orúkọ tiwa ń dà wọ́n láàmú. Bí òǹkọ̀wé bá ń jẹ́ Táíwò Ayọ̀délé, ẹ̀rọ kò mọ èwo ni ti bàbá nínú méjèèjì. Ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ article náà, wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́. Bí o bá sì bi ChatGPT léèrè ìwé, gbogbo èyí tó bá kà sílẹ̀ ni kí o tẹ DOI rẹ̀ sí doi.org. Ó máa ń dárúkọ ìwé tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí.

ỌmọÌjẹ̀búIgbó
Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti fa ìlà sí ìwé ECO méjèèjì. Ó ku ẹyọ kan: nínú họ́ọ̀lù, àkókò kì í tó mi. Ìbéèrè kẹrin, ìlà mẹ́ta ni mo máa ń kọ.

OníṣiròÌjagun
Wákàtí méjì, ìbéèrè mẹ́rin, máàkì 70: 17½ ni ìkọ̀ọ̀kan. Bí o bá kọ ojú ìwé mẹ́jọ lórí àkọ́kọ́, kò lè kọjá 17½. Fi ìṣẹ́jú 10 ka gbogbo ìbéèrè, kí o sì mú mẹ́rin rẹ. Ìṣẹ́jú 25 fún ìkọ̀ọ̀kan, ó ku 10 fún àyẹ̀wò. Kọ aago tí ìkọ̀ọ̀kan máa parí sí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò kí o tó kọ ohunkóhun. Bó bá ti lù, fi ìdajì ojú ìwé sílẹ̀, kọjá sí òmíràn. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ pẹ̀lú. "Distinguish" ń fẹ́ ìyàtọ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ṣàlàyé ọ̀kan tán kó tó bọ́ sí èkejì kò tíì sọ ìyàtọ̀ kankan. "List" kò fẹ́ àlàyé rárá, àwọn ìṣẹ́jú tó yẹ kí ìbéèrè kẹrin gbà, ibẹ̀ ló ń bá lọ.