Ṣé kí a yáwó parí ilé wa lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí kí a máa ṣe é díẹ̀díẹ̀?

Olùkọ́bìnrin Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́ níbí, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Nígbà tí onílé fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan, a kó lọ sínú ilé tiwa tí a ń kọ́ ní apá ọ̀nà Ìdànrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì parí. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan ni. A ti kan òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti wà, a sì ti rẹ́ ògiri inú. A kò tíì rẹ́ ìta rárá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣì jẹ́ kọnkéré lásán, yàrá kan ṣoṣo ló sì ní àjà. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ìsàlẹ̀ ògiri yàrá àwọn ọmọ máa ń tutù, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hù lára rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá.

Mo ní ₦400,000 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ilé ayánilówó kan ní àwọn yóò fún wa ní ₦800,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a fi oṣù 12 san án, pẹ̀lú èlé 5 nínú 100 lóṣooṣù. Ọkọ mi fẹ́ kí a gbà á, kí a fi ṣe àjà POP, táìsì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti ọ̀dà, kí ilé lè dùn ún wò kí ìyá rẹ̀ tó dé lọ́dún Kérésìmesì. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé ìwé, nǹkan bí ₦70,000 ló ń ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ lóṣù. Níbo ni ẹ rò pé ó yẹ kí a ti rí owó, kí sì ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú ìnáwó ilé. Mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Èlé 5 nínú 100 lórí ₦800,000 jẹ́ ₦40,000 lóṣù. Fún oṣù 12, èlé nìkan di ₦480,000, gbogbo owó tí ẹ ó san sì di ₦1,280,000. Ìyẹn ju ₦106,000 lọ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni ẹ ní. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa yá ti ọ̀hún san ti ìhín. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú bóyá orí gbèsè tó kù ni èlé náà ń gùn, àbí orí odidi owó títí dé òpin, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù a máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti dá, bí ó bá ti mú onídùúró wá. Bí èlé ti ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ 10 nínú 100 fún gbogbo ẹ̀yáwó náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní tiwa, ₦880,000 ni ẹ ó san padà. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ fi oṣù 20 san án, ₦44,000 ni lóṣù. Ẹ ó ṣì rí nǹkan fi sápò bí ọmọ bá ṣàìsàn.

Ẹ tún yẹ ìwé owó oṣù yín wò, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń yọ 2.5 nínú 100 fún National Housing Fund, àpò owó ilé tí òfin ọdún 1992 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ti dá owó náà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lè tọrọ ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank láti kọ́ ilé tàbí láti tún ilé ṣe, èlé rẹ̀ sì kéré sí ti ọjà fíìfíì. Sísan ẹ̀yáwó ti ilé kíkọ́ padà lè gùn tó ọgbọ̀n ọdún. Kì í tètè jáde o, ìwé rẹ̀ sì pọ̀. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó, nítorí pé Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, láti ìsinsìnyí.

Bàbá Bíríkìlà

Ọ̀rọ̀ owó ti dáa bí akọ̀wé ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun funfun tí ẹ rí lára ògiri yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Omi ló ń gun ògiri láti ilẹ̀, tó sì ń kó iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn jáde. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé e lónìí, yóò bó kí ọdún tó yípo. Mo ti rí ilé tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mẹta láìwo ìdí rẹ̀.

Ẹ jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Ṣé ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ yàrá lọ? Ṣé ẹsẹ̀ ògiri gan-an ni omi òrùlé ń dà sí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀, kí ó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, kí ẹ sì la gọ́tà tí yóò gbé ọ̀gbàrá lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rẹ́ ìta, nítorí pé búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́ a máa mu omi òjò. Ní ti iyọ̀ tó hù sínú, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, kí ó má baà tún wọnú ògiri lọ. Ibi tó bá ti rọ̀, kí wọ́n ha á kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí ara ògiri gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tún un rẹ́.

Ohun tí ó tọ́ kí ènìyàn yáwó fún nìyí: omi, òrùlé, wáyà iná àti ara ilé. Àjà tún wúlò nínú àwọn yàrá, nítorí pé ooru abẹ́ páànù kò jẹ́ kí ọmọ sùn ní oṣù kejì àti ìkẹta, ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá jẹ́ POP. Bí òrùlé bá ń jò, POP yóò rọ̀, yóò sì já. Kí wáyà iná sì ti parí lókè kí ẹnikẹ́ni tó kan àjà.

Ìyá Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àfi ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹ kò dárúkọ. Kọnkéré lásán a máa hu eruku, èmi tí mo ní ọmọ oníkọ́-fée kò lè pe táìsì ní ọ̀ṣọ́ lásán. Kí wọ́n ṣe yàrá àwọn ọmọ ṣíwájú pálọ̀. Yàrá tó jẹ́ mítà 3.6 níbùú lóòró, nǹkan bí 81 táìsì oní 40 sẹ̀ǹtímítà ni yóò gbà. Ẹ fi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kún un fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé. Ẹ ra gbogbo ti yàrá kan lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ara páálí wọn bára mu, nítorí pé àwọ̀ wọn kì í dọ́gba bí ó bá yàtọ̀.

Ní ti ayánilówó, èmi náà ti gbé e rí, nítorí àga pálọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àga náà ti ya kí n tó san gbèsè rẹ̀ tán, wọ́n sì ń pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lórí fóònù láti fi orúkọ mi ṣẹ̀sín. Ẹ má gbé e.

Ilé lè lẹ́wà láìsí gbèsè. Ìpínlẹ̀ wa kún fún igi. Ẹ ní kí káfíńtà kan àga onírókò méjì péré fún yín ná, kí igi náà ti gbẹ dáadáa, kí ẹ sì sá fún arère níbi tí ikán bá wà. Àdìrẹ ni mo fi ṣe aṣọ fèrèsé mi, ògbólógbòó aṣọ òfì ìyá mi ni mo sì fi rán ìrọ̀rí àga. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í béèrè ibi tí mo ti rà á.

Olùkọ́bìnrin Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, kò ní rẹ̀ yín o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ìwé tó ṣe ìṣirò náà. A ti fi ilé ayánilówó sílẹ̀. A ó tọrọ ₦800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Gọ́tà, rírẹ́ ìta, àjà yàrá méjì tó kù àti táìsì yàrá àwọn ọmọ ni a ó fi ṣe. Ó kù kan: ṣé a lè kun pálọ̀ nìkan kí màmá tó dé, ọ̀dà mélòó ni yóò sì tó?

Bàbá Bíríkìlà

Ẹ lè kùn ún, níwọ̀n ìgbà tí ògiri pálọ̀ bá ti gbẹ. Ara sìmẹ́ǹtì tuntun nílò bí ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí òjò bá ti lọ. Lítà kan a máa kun nǹkan bí ògiri tó gùn ní mítà 10, tó sì ga ní mítà kan, lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ike onílítà 20 yóò tó láti kun pálọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì bí kò bá tóbi jù. Ẹ mú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ bí funfun tàbí àwọ̀ ìpara, kí gílóòbù kan lè tàn ká gbogbo ibẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé omi kò gun ògiri mọ́.