Báwo ni a ṣe ń kí ọba àti ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba nínú lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìyàrà
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa fẹ́ kọ lẹ́tà méjì lédè Yorùbá: ọ̀kan láti pe Ọbaro ti Kàbà síbi ayẹyẹ wa, èkejì sí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí àgbàrá ti gé. Àbúrò ìyá mi ni ọ̀gá yìí. Ṣé mo lè kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n"? Kí ni ó sì yẹ kí n kọ sí ọba?

Olùkọ́ Yorùbá, Kàbà
Lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀, ìyẹn èyí tí a ń kọ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, ló ni "Bàbá mi ọ̀wọ́n". Ipò ni ẹ ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹbí, nítorí pé lẹ́tà náà yóò wọ fáìlì, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni yóò fa á yọ lọ́la. Ẹ kọ ipò àti àdírẹ́sì wọn sí apá òsì lábẹ́ déètì, kí "Alàgbà," tẹ̀lé e, kí àkọlé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ọba, "Kábíyèsí," ti tó; ẹ má ṣe fi orúkọ àbísọ kún ìkíni náà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tó fi "Kábíyèsí" bẹ̀rẹ̀ á dé ìpínrọ̀ kẹta, á wá kọ "a fẹ́ kí o wá". "Ẹ" àti "yín" ni títí dé òpin.

Ọmọ Yàgbà, Mọ̀pà
Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Bí ẹni náà bá jẹ́ olóyè, tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, àdírẹ́sì lè gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ìkíni. "Ìyáàfin" ni fún obìnrin. Ṣé "Ọ̀kún o", ìkíni ilẹ̀ wa, lè bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kìíní?

Olùkọ́ Yorùbá, Kàbà
Nínú lẹ́tà ọba, ó bójú mu, torí pé àwa ará Owé (ìyẹn àwa ará Kàbà), Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ló ń fi í kí ara wa; ṣùgbọ́n nínú ti ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀" parí ti ọba. Nítorí pé ẹgbẹ́ ló ń kọ̀wé, "Àwa ni tiyín ní tòótọ́," ni yóò kádìí méjèèjì, kí alága àti akọ̀wé wá fọwọ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ wọn ní kíkún àti ipò wọn lábẹ́ rẹ̀.