Ṣé ó yẹ kí òfin omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ máa rọ̀ bí àyè bá wà?

Ìyá Aláró, Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwé àṣẹ ló ń sọ bí ẹ̀gbin inú omi tí ilé iṣẹ́ ńlá ń dà sí páìpù ìlú ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ó ní àwọn kan fẹ́ kí òfin náà rọ̀ nígbà tí àyè bá wà níbi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin. Ṣé kò ní ba odò jẹ́? Ọ̀rọ̀ odò ká èmi ọmọ Ọ̀ṣun lára gan-an.

Olómi:
Ẹ kú iṣẹ́ aró, Ìyá. Ọjọ́ tí omi bá pọ̀ jù ni wọ́n kọ́ ibi ìtọ́jú fún. Lóru, tí ìlú bá ti sùn, àyè máa ń ṣófo níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ẹ̀gbin ọ̀hún, oúnjẹ wọn sì ni omi ilé ọtí àti omi wàrà. Kí ilé iṣẹ́ gbà á sí táńkì, kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òjé àti kírómíọ̀mù, irin olóró? Rárá o! Kòkòrò kì í jẹ irin. Inú odò tàbí inú ẹrẹ̀ ló máa kù sí.

Ìyá Aláró:
Omi aró tiwa ńkọ́?

Olómi:
Ti ewé ẹ̀lú sàn díẹ̀. Sódà àti háídírò (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́) tí ẹ ń pò mọ́ aró òyìnbó ni kí ẹ ṣọ́ra fún: háídírò ń gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa yẹ omi náà wò lóru? Láìsí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, mi ò fọwọ́ sí i.