Oúnjẹ ajá tí a sè nílé: kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Alájá Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Oúnjẹ inú àpò ti wọ́n jù. Ajá ìbílẹ̀ ni tèmi, ó ti dàgbà, kílò 20. Ìrẹsì àti fùkù láti Bódìjà ni mo ní lọ́kàn. Ṣé kí n sè é ni, àbí kí n fún un ní tútù? Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ìyá Bingo: Ìrẹsì àti fùkù nìkan kò lè gbé e ró. Ti òòjọ́ nìyí: ẹran màlúù tí kò lọ́ràá púpọ̀ gíráàmù 400, kí ẹ wọ̀n ọ́n kó tó wọ ìkòkò, ẹ̀dọ̀ gíráàmù 30, ìrẹsì tó ti jinná gíráàmù 200, kárọ́ọ̀tì díẹ̀, epo pupa síbí tíì kan, iyọ̀ bíńtín. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti alẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ yọ gíráàmù 100 nínú ẹran, kí ẹ fi ẹja Titus sísè dípò, ẹ yọ egungun rẹ̀ kúrò. Ẹ̀dọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn fi kún un: fítámì A rẹ̀ á pọ̀ jù lára ajá. Àlùbọ́sà, aáyù àti Maggi kò gbọ́dọ̀ kan ìkòkò yẹn. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, sísè kò sì pa oró rẹ̀.

Ọmọ Agbówó: Ìyá Bingo, ẹ ò mẹ́nu ba kálísíọ̀mù, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹran, kálísíọ̀mù ibẹ̀ ò tó nǹkan. Tí ajá ò bá rí i jẹ, ara rẹ̀ á máa fà á jáde látinú egungun, títí egungun á fi máa kán láìsí pé ó ṣubú. Ẹ se èèpo ẹyin fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Èyí tí kò kúnná lè ha ọ̀fun. Gíráàmù kan nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi mílígíráàmù 380 kálísíọ̀mù. Fún oúnjẹ òkè yìí, gíráàmù 3.5 lójúmọ́ ti tó, ìyẹn síbí tíì tí kò kún. Fítámì E àti D ṣì lè dín, nítorí náà ẹ gba fítámì ajá ní ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn.

Bàbá Jagun: Lórí ọ̀rọ̀ tútù, mi ò fara mọ́ ọn rárá, pàápàá fùkù. Fùkù àti ẹ̀dọ̀ odò-ẹran lè ní àpò omi tí ọmọ aràn wà nínú rẹ̀. Ajá tó bá jẹ ẹ́ ní tútù á máa yàgbẹ́ ẹyin aràn sí àgbàlá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Fíríìsà kì í sì í pa kòkòrò àrùn Salmonella. Ẹ se gbogbo rẹ̀ kó jinná dé inú.

Alájá Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Egungun adìẹ inú ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò lè rọ́pò èèpo ẹyin?

Ọmọ Agbówó: Rárá o. Egungun tó ti jinná máa ń ya ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ọbẹ̀ náà tún ní àlùbọ́sà. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí inú má baà ṣu ú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fọwọ́ kan ìhà rẹ̀: tí ẹ ò bá mọ eegun rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, ẹ dín ìrẹsì kù.

Bàbá Jagun: Kí ẹlòmíràn tó ń kà á má lo òṣùwọ̀n yìí fún ọmọ ajá o, àgàgà irú ajá ńlá bíi Boerboel. Kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù ń ba egungun tiwọn náà jẹ́. Dókítà ẹran ni kó wọn tiwọn.